Ọkọ̀ Tí A Mọ̀ọ́mọ̀ Rì: Oriskany àti Ìmòòkùn Lábẹ́ Òkun Florida

Ọkọ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ rì ni ọkọ̀ tí àwọn tó ni ín fi ọwọ́ ara wọn sọ di ará ìsàlẹ̀ òkun. Kì í ṣe ìjì ló dojú rẹ̀ dé, kì í ṣe ọ̀tá ló fọ́ ọ, kò sì gbé òkú ẹnikẹ́ni lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á ti yan ibi tí yóò jókòó sí, wọ́n á ti wọn jíjìn omi níbẹ̀, wọ́n á sì ti kó ohun tó lè ba òkun jẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí omi wọlé. Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí gbà nídìí rẹ̀: kí ẹja lè rí ibùgbé, kí àwọn amòòkùn sì lè rí ibi tí wọ́n á máa bẹ̀ wò. Èyí tó fi iṣẹ́ náà hàn kedere jù lọ ni Oriskany, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí bàálù ń gbéra lórí rẹ̀, tí wọ́n rì sínú Gulf of Mexico ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 2006, ní nǹkan bí máìlì 24 sí etíkun Pensacola ní ìpínlẹ̀ Florida. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tó tóbi tó o tí wọ́n tíì rì fún irú iṣẹ́ yìí.

Brooklyn, ní New York, ni wọ́n ti kan Oriskany. Oṣù Kẹwàá ọdún 1945 ni wọ́n tì í sómi, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó tún kánjú àtiparí rẹ̀. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1950 kó tó wọṣẹ́. Gígùn rẹ̀ lé ní 900 ẹsẹ̀ bàtà, ìwúwo rẹ̀ sì lé ní 30,000 tọ́ọ̀nù. Ó ja ogun Korea, ó ja ogun Vietnam. Orí rẹ̀ ni John McCain, tó padà di sẹ́nétọ̀ tó sì du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2008, ti gbéra ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, lọ́jọ́ tí wọ́n já bàálù rẹ̀ bọ́ ní Hanoi. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 1966, ọ̀kan nínú àwọn iná magnesium tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú ogun ṣèèṣì gbiná lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Iná náà ran ìyókù tó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, èéfín gba inú ọkọ̀ kan, èèyàn 44 sì kú. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń yọjú wo àwọn ọ̀nà tóóró inú ọkọ̀ náà lónìí mọ èyí. Òkun kọ́ ló pa àwọn èèyàn náà, àmọ́ inú irin yẹn ni wọ́n kú sí.

Wọ́n dá Oriskany dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní 1976, ìgbà yẹn sì ni wàhálà tí gbogbo ọkọ̀ ogun tó ti gbó máa ń dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kì í jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpẹtà ń jẹ ẹ́, wọ́n ní láti máa ṣọ́ ọ kó má baà rì síbi tí kò yẹ, bí wọ́n bá sì fẹ́ gé e tà fún oníṣòwò irin, àwọn ohun olóró inú rẹ̀ lè mú kí owó iṣẹ́ náà jẹ èrè orí irin tán. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ní 1995 wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gé e, iṣẹ́ náà kò yọrí, ìjọba sì gbà á padà ní 1997. Nígbà tí òfin wá fún ilé-iṣẹ́ ológun ojú omi láṣẹ láti máa fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n lè sọ ọ́ di ibùgbé ẹja, Oriskany ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2004 ni wọ́n kéde pé Florida ni yóò gbà á. Pensacola tọ́ sí i: ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ òfuurufú ti ilé-iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ti ń kọ́ṣẹ́ láti 1914, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ti bá ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ ló mọ ìlú náà bí ẹni mọ ilé.

Fífi ohun ọwọ́ ẹ̀dá ṣe ibùgbé fún ẹja kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Àwọn ará Japan ti ń ju òkúta sókun láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kí ewéko òkun lè rí nǹkan dì mọ́. Ní South Carolina, láàárín ọdún 1830 sí 1840, àwọn apẹja a máa to ìtì igi pọ̀ bí ahéré, wọ́n á sì rì í kí ẹja lè wọ̀ ọ́. Ní 1972, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ lè bèèrè fún àwọn ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n ń pè ní Liberty, èyí tí wọ́n kàn lọ́pọ̀ yanturu nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Texas sì ri méjìlá nínú wọn sétí òkun rẹ̀ kí ọdún 1976 tó parí.

Ọdún 1972 kan náà ni àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ ní Florida tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ rírì fò dá. Ní etí òkun Fort Lauderdale, wọ́n di ògbólógbòó táyà mọ́tò pọ̀, wọ́n sì dà wọ́n sókun, ó lé ní mílíọ̀nù méjì, wọ́n pè é ní Osborne Reef. Ète náà dára: táyà á kúrò nílẹ̀, ẹja á rí ilé. Àmọ́ irin àti ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n já, táyà fọ́n káàkiri, kò sí ohun tó fẹ́ hù sára wọn, ìjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn lu àpáta iyùn tó wà nítòsí, èyí tó jẹ́ ibùgbé ẹja láti àtètèkọ́ṣe. Láti 2007 ni àwọn amòòkùn ológun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú owó gọbọi. Ohun tó ya Oriskany sọ́tọ̀ sí Osborne ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ kí nǹkan tó kan omi. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà, fún ọkọ̀ àti fún amòòkùn pẹ̀lú.

Corpus Christi, ní Texas, ni wọ́n ti fọ ọkọ̀ náà mọ́. Wọ́n fa epo àti ọ̀rá tó kù nínú àwọn táǹkì jáde, wọ́n nù wọ́n; wọ́n tú asbestos tí wọ́n fi bo àwọn páìpù, wọ́n kó ohun gbogbo tó lè léfòó tàbí tó lè já dànù. Láti orí fífọ̀ títí dé rírì, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni iṣẹ́ náà ná wọn. Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ni ọkọ̀ rírì, kó ro iye yìí wò.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni PCB, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà ara wáyà, mọ́ ọ̀dà àti mọ́ oríṣiríṣi nǹkan mìíràn nígbà tí wọ́n ń kan ọkọ̀ náà. Kì í tètè jẹrà. Ó ń wọ ọ̀rá ara ẹja, láti ara ẹja kékeré bọ́ sí ara ńlá, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́. Wáyà inú ọkọ̀ ogun gùn débi pé títú gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú gígé ọkọ̀ náà wẹ́wẹ́. Wọ́n wá lọ bá EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, pé kí ó jẹ́ kí díẹ̀ kù síbẹ̀. Àjọ náà béèrè ìṣirò: báwo ni kẹ́míkà náà yóò ṣe máa jò sómi, mélòó ni yóò dé ara ẹja, mélòó ni yóò dé ara èèyàn? Ìdúró náà pẹ́. Ọkọ̀ tó ti dé Pensacola ní ìparí 2004 ni wọ́n tún wọ́ padà sí Texas ní 2005, kí ìgbà ìjì má baà bá a níbẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2006 ni EPA tó fọwọ́ sí i, tòun ti PCB tí wọ́n fojú bù pé ó lé ní 300 kílò tó ṣì wà lára rẹ̀.

Rírì fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí omi bá wọ ọkọ̀ gbalasa láti ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, omi náà á máa sáré lọ sí apá tó ti rẹlẹ̀, á fi ìwúwo kún un, apá náà á tún rẹlẹ̀ sí i, títí ọkọ̀ yóò fi dojú dé. Ọkọ̀ tó bá dojú dé sísàlẹ̀ kò wúlò tó èyí tó jókòó dáadáa: gíga rẹ̀ dínkù, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ, amòòkùn tó bá wọ inú rẹ̀ kò sì ní mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń lu ihò sára ọkọ̀ ṣáájú, àwọn kan fún omi láti wọlé, àwọn kan fún afẹ́fẹ́ láti jáde, kí ó lè wọmi lọ́gbọọgba. Ní Key Largo, ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 2002, ọkọ̀ Spiegel Grove, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 510 ẹsẹ̀ bàtà, kò dúró de àkókò tí wọ́n dá fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì kí wọ́n tó ṣetán, ó yí padà, ó fi ìdí nalẹ̀, imú rẹ̀ sì yọ sókè lójú omi. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó rí i fà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sísàlẹ̀. Ìyàlẹ́nu gidi ni ohun tó tẹ̀ lé e: ní oṣù Keje ọdún 2005, nígbà tí ìjì Dennis kọjá nítòsí, ìrú omi gbé ọkọ̀ náà nàró, ó sì jókòó bí wọ́n ṣe fẹ́ kó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ti Oriskany lọ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n pín 500 pọ́n-ùn ohun abúgbàù sí ibi 22 nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rí wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n dúró nínú ọkọ̀ kéékèèké tó yí i ká ní òkèèrè. Wọ́n ti rò pé yóò tó wákàtí márùn-ún kó tó lọ tán. Ìṣẹ́jú 37 péré ló gbà. Ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, iwájú rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì jókòó lórí iyanrìn ní nǹkan bí mítà 65 láìfì sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Pápá tí bàálù ń gbéra lórí rẹ̀ wà ní mítà 41; ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ṣóńṣó rẹ̀ fi wà ní nǹkan bí mítà 21 sí ojú omi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjì Gustav tún tì í wọ iyanrìn ní nǹkan bí mítà mẹ́ta sí i. Àwọn mítà mẹ́ta yìí ṣe pàtàkì fún amòòkùn ju bí etí ṣe lè gbọ́ ọ lọ.

Ilẹ̀ òkun apá ibẹ̀ tẹ́jú lọ salalu, iyanrìn ni, àpáta kò pọ̀ níbẹ̀. Irin tó ga tó ilé alájà mélòó kan láàárín irú ibi bẹ́ẹ̀ ń yí ọ̀nà omi padà: omi tó ń ṣàn bá a ń gun òkè, ó ń gbé oúnjẹ wẹ́wẹ́ dání. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò rí ló máa ń kọ́kọ́ bo irin, ewéko òkun á tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni kànìnkànìn òkun, àwọn ẹran onígbá tí ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, àti iyùn. Ẹja wẹ́wẹ́ ń wá ibi sápamọ́ sí, ẹja ńlá ń wá wọn wá. Red snapper tí àwọn apẹja Gulf ń lé kiri wà níbẹ̀, amberjack wà níbẹ̀, kúta ń dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gogoro náà. Ẹja kìnìún náà ti dé, ẹja abìlà tí ẹ̀gún rẹ̀ lóró, tí kì í ṣe ará Gulf rárá. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀. Ó ń jẹ ọmọ ẹja tó bá bá, nǹkan díẹ̀ ló sì ń pa á jẹ, nítorí náà ni àwọn amòòkùn Florida ṣe ń gún un níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i.

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn onímọ̀ nípa ẹja tó yẹ ká mú lọ́kùn-únkúndùn. Ṣé irú ọkọ̀ yìí ń bí ẹja sí i ni, àbí ó kàn ń pe èyí tó ti wà níbòmíràn jọ? Bó bá jẹ́ pé ó ń pè wọ́n jọ nìkan ni, a jẹ́ pé ó ń bá apẹja ṣiṣẹ́ ju ẹja lọ, nítorí pé yóò rọrùn láti kó wọn tán lójú kan. Ìdáhùn kò rí bákan náà fún gbogbo ẹja. Èyí tó nílò ihò àti ìbòòjì nígbà kékeré lè tibẹ̀ pọ̀ sí i. Èyí tó ń rìn káàkiri lójú òkun lè jẹ́ pé ó kàn yà síbẹ̀ ni. Iye ẹja tí wọ́n bá gbà kí èèyàn pa níbẹ̀ ló wá ń pinnu púpọ̀ nínú ohun tí ọkọ̀ náà yóò jẹ́ fún òkun.

Amòòkùn tó bá fẹ́ rí Oriskany á wọ ọkọ̀ jáde ní Pensacola ní kùtùkùtù. Bí wọ́n bá débẹ̀, kò sí nǹkan lójú omi ju omi lọ. Okùn ni wọ́n máa ń dì mọ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀, òun náà ni amòòkùn á dì mú sọ̀kalẹ̀, nítorí ìṣàn omi lè gbé ẹni tí kò bá di nǹkan mú kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ tí omi bá mọ́, ojú lè ríran ju 30 mítà lọ, ilé gogoro náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú àwọ̀ aró kí amòòkùn tó lọ jìnnà. Gbogbo rẹ̀ a máa rí bí aró àti eérú, nítorí pé omi ń gba pupa kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn kó tó lọ síbi jíjìn. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kànìnkànìn tó dà bí eérú á di pupa fòò.

Ohun tó jẹ́ kí èèyàn lè mí níbẹ̀ kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1943, ní Faransé, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ ìmí tí ń gba afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà tí amòòkùn gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ó sì ń fún un ní èyí tó dọ́gba pẹ̀lú bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ níbi tó bá wà, kìkì ìgbà tó bá fà á sínú. Kò sí okùn afẹ́fẹ́ láti òkè mọ́. Aṣọ rọ́bà ń mú kí ara móoru, bàtà pẹlẹbẹ ń tini síwájú, ẹ̀wù kan wà tí a lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti léfòó tàbí láti dúró lójú kan, kọ̀ǹpútà kékeré sì wà lọ́rùn ọwọ́ tí ń ka jíjìn àti àkókò.

Ìdọ́gba tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe ni gbogbo ìṣòro ti ń jáde. Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí ń tẹ èèyàn ní ìwọ̀n kan. Ní gbogbo mítà mẹ́wàá tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú òkun, omi ń fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kan kún un. Ní mítà 25, nítòsí ibi tí ṣóńṣó ilé gogoro Oriskany wà báyìí, ó ti di ìwọ̀n mẹ́ta àtààbọ̀. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń fà sínú lẹ́ẹ̀kan á di ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ti orí ilẹ̀. Sílíńdà tí ìbá tó èèyàn fún wákàtí kan lójú omi á tán ní ìṣẹ́jú 17. Ní mítà 44, lórí pápá bàálù, ìṣẹ́jú 11 ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, tí mímí rẹ̀ ń yára, kò ní rí tó bẹ́ẹ̀.

Náítrójìn ni nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́. Lórí ilẹ̀ kò ṣe wá ní nǹkan kan. Láti nǹkan bí 30 mítà lọ sísàlẹ̀, ó ń pa èèyàn bí ọtí: ọkàn á fúyẹ́, ìrònú á lọ́ra, èèyàn á wo aago afẹ́fẹ́ rẹ̀ láìmọ ohun tó kà. Èyí tún burú nínú ọkọ̀ tó rì, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìrònú gbọ́dọ̀ ti já gaara. Bí amòòkùn bá sì ṣe ń pẹ́ nísàlẹ̀ ni náítrójìn ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Bó bá yára gòkè, náítrójìn náà kò ní ráyè gba inú ẹ̀dọ̀fóró jáde. Á hó sínú ara, á dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, á mú oríkèé ro èèyàn, ó lè rọ èèyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó lè pa á. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ Afárá Brooklyn nínú àpótí afẹ́fẹ́ lábẹ́ odò ló jẹ ìyà yìí ní nǹkan bí 1872, Washington Roebling tó ń darí iṣẹ́ náà sì wà lára àwọn tó sọ di aláìlera. Ìlú tí wọ́n ti kan Oriskany ni afárá náà wà. Onímọ̀ ará Britain kan, John Scott Haldane, ló fi àwọn ewúrẹ́ ṣe ìwádìí, tó sì tẹ ìlànà jáde ní 1908 nípa bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ máa dúró díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Orí iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ òde òní dúró lé.

Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn amòòkùn afẹ́ sọ ohun tó ṣeé ṣe. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán, àtẹ PADI, àjọ kan tó ń kọ́ àwọn amòòkùn afẹ́, fún èèyàn ní ìṣẹ́jú 20 ní mítà 30. Ní mítà 40, tó jẹ́ ààlà wọn, mẹ́sàn-án péré. Wọ́n ń gòkè láìju nǹkan bí mítà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń dúró ní mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó yọrí. A kì í sì í di èémí mú nígbà tí a bá ń gòkè, láéláé: afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ní mítà mẹ́wàá á di ìlọ́po méjì lójú omi, á sì fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Ìdí nìyí tí ìjì Gustav fi ṣe pàtàkì. Ní 2006, pápá bàálù wà ní mítà 41, amòòkùn afẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án. Lónìí ó ti kọjá ààlà rẹ̀ pátápátá. Ilé gogoro náà nìkan ló kù fún un, ilé náà sì tóbi tó láti gba ọjọ́ púpọ̀.

Àwọn kan máa ń lo afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti dín náítrójìn rẹ̀ kù, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àkókò wọn nísàlẹ̀ lè gùn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní àyíká ilé gogoro. Àmọ́ ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ń di májèlé bó bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ: afẹ́fẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí mítà 33. Bí ẹni tó gbé e kọ́rùn bá jẹ́ kí ojú fa òun lọ sórí pápá bàálù, gìrì lè mú un nínú omi, ẹ̀rọ ìmí á bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó parí. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ tàbí sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kó bàálù sí ń po hílíọ́ọ̀mù mọ́ afẹ́fẹ́ wọn kí ọkàn wọn lè mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbé sílíńdà tó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì ń dúró lọ́nà lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n ṣe ń gòkè. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni kíkọ́ rẹ̀.

Wíwọ inú ọkọ̀ yàtọ̀ sí wíwò ó láti ìta. Níta, bí wàhálà bá dé, ojú omi wà lókè. Nínú, irin ló wà lókè. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ kúnná lórí gbogbo nǹkan. Ìfẹsẹ̀tì kan ṣoṣo lè rú u sókè, ilẹ̀kùn tí èèyàn gbà wọlé á sì pòórá lójú rẹ̀ bí tọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ wà lọ́wọ́. Nítorí náà ni amòòkùn tó mọṣẹ́ ṣe ń so okùn mọ́ ìta, tó ń tú u sílẹ̀ bó ṣe ń wọlé, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ lé padà. Ó ń pín afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kẹta fún ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń pèsè ọkọ̀ náà ń ṣe tiwọn: wọ́n ń gé ihò ńlá sára rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, wọ́n ń yọ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń dí àwọn yàrá ìsàlẹ̀ tó léwu. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2007, amòòkùn mẹ́ta kú nínú Spiegel Grove. Wọ́n wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà lọ jìnnà láìtú okùn, wọn kò sì rí ọ̀nà jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n ti pèsè dáadáa kò lè ṣe èyí tó kù fún amòòkùn láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ PCB kò parí lọ́jọ́ tí Oriskany rì. Àjọ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko ní Florida ń mú ẹja níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, wọ́n rí lára àwọn kan ju ìwọ̀n tí EPA fi ń ṣe ìkìlọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Àwọn tó ti kìlọ̀ ṣáájú nípa PCB kò ṣàṣìṣe, nítorí náà ó tọ́ pé wọn kò dákẹ́. Ní 2011, ẹgbẹ́ méjì tó ń gbèjà àyíká, Basel Action Network àti Sierra Club, gbé EPA lọ sílé ẹjọ́ nítorí àwọn ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ológun ojú omi ń fi ṣe ibi ìdánwò ohun ìjà tí wọ́n sì ń rì. Ní 2012, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà pinnu pé òun kò ní máa fún ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀ tí wọ́n kàn ṣáájú 1985 fún irú iṣẹ́ yìí mọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe tiwọn. Ní Cornwall, ní England, wọ́n ri ọkọ̀ ogun Scylla ní oṣù Kẹta ọdún 2004. Ọsirélíà ri Brisbane ní etí òkun Queensland ní 2005. Ní Key West, ọkọ̀ Vandenberg wọmi ní 2009 láàárín ìṣẹ́jú tí kò pé méjì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n ri ọkọ̀ èrò Agenor Gordilho sínú Baía de Todos os Santos, ní Salvador, ní Bahia. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ yẹn fi kó èrò àti mọ́tò láàárín Salvador àti erékùsù Itaparica, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbin ìsìn Egúngún sí, tí wọ́n sì ń bọ ọ́ títí dòní.

Florida ló tún fẹ́ gba ipò iwájú lọ́wọ́ Oriskany. Ní 2024, Okaloosa County, tí kò jìnnà sí Pensacola, ra SS United States, ọkọ̀ èrò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 990 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó sáré kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní 1952 ju gbogbo ọkọ̀ èrò tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní 2025 wọ́n wọ́ ọ láti Philadelphia lọ sí Mobile, ní Alabama. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún Oriskany ní Corpus Christi: kí wọ́n fa epo tó kù jáde, kí wọ́n tú wáyà, kí wọ́n kó ohun tó lè léfòó, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí wọ́n máa gé kí omi lè wọlé lọ́gbọọgba.